Alchemilla nínú ọgbà oníbòòji: ewé ni kí ẹ gbìn ín fún

Bí ẹ bá béèrè ọ̀rọ̀ alchemilla, ewéko ọgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lady's mantle, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ọgbà ní Ìlú Ọba, ìdáhùn mẹ́ta tó ta kora ni ẹ ó gbọ́. Ẹnì kan á ní abẹ́ ibòòji gan-an ló dára fún. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, òun gbìn ín sẹ́yìn ilé tí oòrùn kì í dé, òdòdó tó yọ kò tó nǹkan. Ẹnì kẹta á ní kí ẹ má tilẹ̀ gbé e wọlé, èpò ni, á gba gbogbo ilẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ike pélébé tí wọ́n máa ń kì bọ inú ìkòkò rẹ̀ lọ́jà kò sì tan ìṣòro náà, torí ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀ ni "oòrùn tàbí ibòòji díẹ̀", wọn ò ní sọ èyí tí ó yẹ kí ẹ mú níbẹ̀. Òótọ́ sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú ni pé wọn ò gbìn ín sí irú ilẹ̀ kan náà, ohun tí oníkálukú wọn ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ sì yàtọ̀. Mo fẹ́ tú u palẹ̀, pàápàá fún àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ilẹ̀ olótùútù, tí a ní ẹ̀yìnkùlé tóóró tó ṣókùnkùn, tí a sì ti gbà pé kò sí ohun tó lè dùn ún wò níbẹ̀.

Alchemilla mollis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un, alchemilla ni èmi yóò máa pè é. Orí òkè ilẹ̀ Tọ́kì, agbègbè Caucasus àti àríwá Ìráànì ló ti ṣẹ̀, níbi tó ti ń hù ní pápá tútù àti létí igbó. Wọ́n ti ń gbìn ín sọ́gbà ní Britain láti 1874. Ẹbí kan náà ni òun àti róòsì, ápù àti sítírọ́bẹ́rì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wíwò lójú kò ní jẹ́ kí ẹ fura. Ewé rẹ̀ kì í sábà ga kọjá orúnkún àgbàlagbà, ìdí kan rẹ̀ á sì fẹ̀ tó nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà bó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ewé náà rí roboto, ó tó àtẹ́lẹwọ́, eyín wẹ́wẹ́ wà ní etí rẹ̀ yíká, irun múlọ́múlọ́ sì bò ó lára. Òdòdó rẹ̀ kéré pín-ín-pìn-ìn, ó máa ń pọ̀ jọ lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, àwọ̀ yẹ́lò tó fà sí àwọ̀ ewé. Tí ìgbà òtútù bá dé, ewé rẹ̀ á rọ, á kú lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò kú. Òtútù tó já wálẹ̀ dé ìwọ̀n Celsius 20 nísàlẹ̀ òdo kò pa á. Ní ìgbà ìrúwé á tún yọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ló yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀, torí òun ló ń da àwa tí a wá láti ilé rú jù. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Àkúrẹ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọgbà tó kọjú sí àríwá. Nílé, orí wa ni oòrùn ń gbà kọjá. Ògiri tó ga ní mítà 6 n'Íbàdàn, òjìji rẹ̀ ní ọ̀sán gangan kì í gùn tó mítà 4 nígbàkígbà láàárín ọdún. Ìgbà kan wà tí òjìji náà á bọ́ sí àríwá ògiri, ìgbà kan sì wà tí á bọ́ sí gúúsù. Kò sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí oòrùn patì pátápátá.

Lọ́ńdọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Gúúsù ni oòrùn ibẹ̀ ń wà ní ọ̀sán láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, kì í dé àárín orí láé. Ẹ mú ògiri mítà 6 yẹn kan náà, kí ẹ gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìparí oṣù Kẹfà, òjìji rẹ̀ ní ọ̀sán á gùn tó mítà 3 àti díẹ̀. Ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, á ti di mítà 7 àti ààbọ̀. Ní ìparí oṣù Kejìlá, ó ti ju mítà 20 lọ, ìyẹn ni pé ó ti gba gbogbo ọgbà yín kọjá dé ti aládùúgbò. Àríwá ilé ni gbogbo òjìji yìí ń wọ́ sí. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé àríwá ilé yín ni ẹ̀yìnkùlé yín wà, ilé yín fúnra rẹ̀ ló dúró dí oòrùn. Ẹ ṣí kọ́ńpáàsì orí fóònù yín, kí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kí ẹ wo ibi tí ẹ kọjú sí. Ohun kan ṣoṣo yìí á ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nǹkan tó ti ń kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Àmọ́ ohun kan wà tó ń tu ọlọ́gbà oníbòòji nínú. Nígbà ooru, oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í yọ láti ìlà oòrùn gan-an. Ó ń yọ láti apá àríwá rẹ̀, apá àríwá ló sì ń yà sí bó bá fẹ́ wọ̀. Ìyẹn ni pé ọgbà tó kọjú sí àríwá pàápàá lè rí oòrùn díẹ̀ ní àárọ̀ kùtù àti díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, bí ilé ẹlòmíì kò bá dí i. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò le bíi ti ọ̀sán, irú rẹ̀ gan-an sì ni alchemilla fẹ́.

Àwọn ọlọ́gbà ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń pín ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí oòrùn bá ń ta sí tààrà ju wákàtí 6 lọ lójúmọ́ ní àárín ìgbà ooru, oòrùn kíkún ni wọ́n ń pè é. Wákàtí 3 sí 6 ni ibòòji díẹ̀. Ibi tí kò bá rí tó wákàtí 2, ibòòji tó nípọn nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé àárín ìgbà ooru ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá yọjú sẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní oṣù Kìíní, tó rí i pé gbogbo rẹ̀ ṣú dùdù, tó sì pinnu pé kò sí ohun tó lè hù níbẹ̀, ó ti yára dájọ́. Oorun ni alchemilla ń sùn ní oṣù Kìíní. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹsàn-án ló ń ṣiṣẹ́, oòrùn àsìkò yẹn nìkan ló kàn án.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye wákàtí tí tiyín jẹ́, ẹ mú ọjọ́ kan tí oòrùn ràn ní ìparí oṣù Karùn-ún tàbí nínú oṣù Kẹfà, kí ẹ fi fóònù ya fọ́tò ojú kan náà ní wákàtí méjì-méjì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé aago mẹ́jọ alẹ́. Fọ́tò tí oòrùn bá hàn nínú rẹ̀ dúró fún wákàtí méjì. Kí ẹ sì rántí pé wọ́n ti sún aago síwájú nígbà ooru, aago kan ọ̀sán ni oòrùn ń wà lókè jù ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe aago méjìlá.

Ìbéèrè kejì ni èyí tí ike pélébé kì í bi ẹnikẹ́ni, ojú tèmi sì ni pé òun ló ṣe pàtàkì jù: ṣé ibòòji tútù ni tàbí ibòòji gbígbẹ? Ìdí ògiri tó kọjú sí àríwá sábà máa ń tutù, torí oòrùn kì í fa omi ilẹ̀ ibẹ̀ lọ kíákíá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó sún mọ́ ògiri tímọ́tímọ́, bíi 40 sẹ̀ǹtímítà sí i, lè gbẹ bí ilẹ̀ àárín ẹ̀ẹ̀rùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, torí ògiri ló ń gba òjò náà. Abẹ́ igi ńlá tún le ju ìyẹn lọ. Lábẹ́ beech tàbí sycamore, ewé orí igi ni òjò kọ́kọ́ ń bá, díẹ̀ ló ń dé ilẹ̀, gbòǹgbò igi á sì ti fa èyí tó délẹ̀ mu kí òmíràn tó rí i. Ẹ fi ìka gún ilẹ̀ abẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀ ní oṣù Keje, eruku ni ẹ ó bá. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ewéko níbẹ̀ kì í ṣe òkùnkùn, òùngbẹ ni. Èyí tó burú jù lọ ni ìdí ọgbà igi Leyland cypress tí ọ̀pọ̀ ilé fi dí ojú aládùúgbò. Igi yẹn kì í wọ́wé, ó ṣókùnkùn tọdún-tọdún, ó sì gbẹ. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti gbin alchemilla sí ìdí rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta tó ń jiyàn. Bí ilẹ̀ bá tutù, tí oòrùn sì ń dé ibẹ̀ fún wákàtí 3 tàbí 4, alchemilla á ṣe dáadáa. Ewé á fẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á mọ́lẹ̀, òdòdó á sì wà níwọ̀n. Ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí ibòòji bá nípọn, ewé á ṣì máa yọ, ṣùgbọ́n òdòdó á ṣọ̀wọ́n, àwọn igi òdòdó á sì máa na ọrùn sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà títí wọ́n á fi wó lulẹ̀. Ẹnì kejì nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá gbẹ lábẹ́ ibòòji, ewé á kéré, etí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ilẹ̀ kí oṣù Keje tó parí, àmọ́ bí ẹ bá ti bomi rin ín dáadáa ní ọdún àkọ́kọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ fi wọlẹ̀, kò ní kú. Ẹnì kẹta tó ń pè é ní èpò, inú oòrùn àti ilẹ̀ ọlọ́ràá ló gbìn ín sí. Òdòdó rẹ̀ yọ yaa, kò gé e, irúgbìn sì dà sílẹ̀. Ẹ ó rí i pé ohun tí ẹni tó wà lábẹ́ ibòòji ń kédàárò lé lórí, àìpọ̀ òdòdó, òun náà ni kò jẹ́ kí ó di èpò mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ewé ni kí ẹ gbìn ín fún. Ọ̀pọ̀ ń ra alchemilla nítorí fọ́tò òdòdó rẹ̀ tí wọ́n rí, tí wọ́n yà nínú ọgbà tí oòrùn kún bò. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni òdòdó yẹn ń lò. Ewé ń bẹ láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá, àwọ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́, kò dúdú, nítorí náà ó ń hàn kedere níbi tí àwọn ewé dúdú bíi ti ivy á ti pòórá sínú òkùnkùn. Ní kọ̀rọ̀ tí ẹ ò ti retí àwọ̀ kankan, ìdí mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn tó láti yí ojú ibẹ̀ padà.

Omi orí ewé rẹ̀ ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ti rí omi lórí ewé kókò, tó ń yí kiri tí kò sì rin ewé náà, mọ ohun tí mò ń sọ. Ewé kókò ní ìda tín-ín-rín lára tó ń lé omi. Irun ni alchemilla fi ń ṣe tirẹ̀. Omi kò kan ara ewé rárá. Orí irun ló jókòó lé, afẹ́fẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ físíìsì kan ní Jámánì tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 2004, ohun tí wọ́n rí sì yani lẹ́nu: irun kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ kì í kọ omi, omi lè rin ín. Ṣùgbọ́n bí omi bá fẹ́ fa àwọn irun náà pọ̀, wọ́n ní láti tẹ̀, irun tó tẹ̀ sì ń fi agbára wá ọ̀nà láti nà padà. Agbára yẹn ló ń gbé omi dúró lókè.

Bí ẹ bá tẹ̀ ba láàárọ̀ kùtù, ẹ ó rí i pé irú omi méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà láàárín ewé, níbi tó ti jin díẹ̀. Òjò tàbí ìrì ló kó o wá síbẹ̀. Èkejì tò yí etí ewé ká, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan lórí eyín kọ̀ọ̀kan. Èyí kì í ṣe ìrì. Inú ewéko náà ló ti wá. Lóru, àwọn ihò tí ewé fi ń mí ti pa dé, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá tutù, gbòǹgbò kì í dẹ́kun fífa omi sókè. Omi náà á wá ọ̀nà jáde, ẹnu eyín etí ewé ló sì ń gbà yọ. Àwọn tó ń wá ọ̀nà láti sọ irin di wúrà ní Yúróòpù láyé àtijọ́ máa ń gbá omi yìí jọ, ibẹ̀ ni orúkọ alchemilla ti jáde. Ìwúlò tirẹ̀ fún yín rọrùn ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá rí ẹ̀kán omi yíká etí ewé ní àárọ̀ oṣù Keje, omi wà nílẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bu omi sí i. Bí ọ̀sẹ̀ bá ń gorí ọ̀sẹ̀ tí ẹ ò rí i, ẹ fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti gbẹ.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Oṣù Kẹta sí Kẹrin tàbí oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ló dára, nígbà tí ilẹ̀ tutù tí kò sì dì. Ilẹ̀ amọ̀ Lọ́ńdọ̀nù tó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà kò ni í lára, bí omi kò bá ti dúró lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ju ìkòkò lọ, ẹ po ilẹ̀dú tàbí ewé tó ti jẹrà mọ́ ilẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde, kí ẹ sì gbìn ín kí ìdí rẹ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ má rì í wọlẹ̀ jù, ìdí tó bá sin sínú amọ̀ tútù lè jẹrà. Ẹ fi nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ìdí kan sí èkejì, ó sì kéré tán 45 sẹ̀ǹtímítà sí ògiri. Kò nílò ajílẹ̀ púpọ̀. Ajílẹ̀ tó bá pọ̀ jù á sọ ewé rẹ̀ di rọ̀bọ̀tọ̀ tí kò lè dúró. Omi ló ń fẹ́ ní ìgbà ooru àkọ́kọ́, garawa kan fún ìdí kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ tí òjò kò bá rọ̀. Lábẹ́ igi, ẹ wá àlàfo tí gbòǹgbò igi kò ti dí, kí ẹ má sì ṣe gé gbòǹgbò ńlá kankan nítorí rẹ̀.

Ẹni tó ń gbé fúláàtì tó ní báńkóònì tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé náà lè gbìn ín sí ìkòkò tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tó ní ihò nísàlẹ̀. Omi inú ìkòkò tètè ń tán, kí onítọ̀hún mú ojú tó o.

Iṣẹ́ tó kù ni gígé, òun ló sì pín ọgbà tó mọ́ níyà sí ọgbà tó di igbó. Alchemilla kò nílò akọ kó tó so èso. Irúgbìn rẹ̀ ń dá fúnra rẹ̀ láì gba àtọ̀ òdòdó kankan, nítorí náà gbogbo ọmọ tó bá hù nídìí rẹ̀ ló jọ ìyá wọn délẹ̀délẹ̀. Kò dúró de oyin, kò dúró de afẹ́fẹ́. Ìdí tí ó fi ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn, tí ẹ fi ń rí i láàárín òkúta tí wọ́n tẹ́ sọ́nà àti lẹ́bàá títì. Tí òdòdó bá ti ń pàdánù yẹ́lò rẹ̀, tó ń di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ má dúró. Ní ìparí oṣù Keje, ẹ mú àlùmọ́gàjí ńlá, ẹ gé gbogbo rẹ̀, ewé àti òdòdó, ku bí ìka méjì sórí ilẹ̀, kí ẹ sì bu omi púpọ̀ sí i. Ojú á kọ́kọ́ ro yín, torí á dà bíi pé ẹ ti bà á jẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ewé tuntun á ti yọ, tó mọ́ ju èyí tí ẹ gé lọ, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí òtútù fi máa dé. Ní ibòòji gbígbẹ nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra: bí ẹ ò bá ní omi tí ẹ ó bu sí i, òdòdó nìkan àti ewé tó ti bàjẹ́ ni kí ẹ gé.

Kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn ìgbín tí kò ní ìkarahun, tí wọ́n máa ń fi òru kan jẹ hosta, ewéko oníbòòji mìíràn, di ihò, sábà máa ń fi alchemilla sílẹ̀. Ehoro àti àgbọ̀nrín náà kì í wá a. Hosta àti alchemilla bá ara wọn mu nínú ibòòji: ewé hosta fẹ̀, ó ń dán, ti alchemilla kéré, irun bò ó. Fern, astilbe àti hellebore náà bá a rìn. Hellebore ń yọ òdòdó ní oṣù Kejì nígbà tí alchemilla ṣì ń sùn, tí òdòdó yẹn bá fi máa rẹ̀, ewé alchemilla ti ń nà bọ̀ láti bo ilẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ wo ibi tí wọ́n wà. Ní Chicago, alchemilla á ṣe bó ti ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Maryland, ibòòji ọ̀sán di dandan fún un, torí oòrùn ibẹ̀ le, á sì sun etí ewé rẹ̀. Ẹni tó wà ní Houston, ẹ má na owó lé e. Ooru tó pọ̀ tó sì lọ́rinrin, tí kì í rọlẹ̀ lóru pàápàá, ń jẹ́ kí ìdí rẹ̀ jẹrà. Ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí náà ẹ má kó irúgbìn rẹ̀ tàbí ìdí rẹ̀ sínú àpótí lọ sílé. Yàtọ̀ sí pé kò ní yè, òfin ní ọ̀rọ̀ lórí gbígbé ohun ọ̀gbìn wọ Nàìjíríà, ìwé àṣẹ ni wọ́n ń béèrè.

Mo mọ̀ pé ìbéèrè kan á ti wà lẹ́nu àwọn àgbà: kí ni ewé yìí ń wò? Òótọ́ ni pé ní Yúróòpù, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lo àwọn ẹ̀yà alchemilla kan fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń pọ̀ jù. Àmọ́ ẹ̀yà Alchemilla pọ̀ lọ súà, ó ń ṣòro fún àwọn onímọ̀ pàápàá láti yà wọ́n sọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ń lò jù nínú oògùn ìbílẹ̀ wọn kì í sì í ṣe mollis tó wà lọ́jà òdòdó. Ẹ má fi ewé inú ọgbà yín se àgbo. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dà láàmú, dókítà ni kó lọ rí, aláboyún kò sì gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò yẹ kí ẹ ra ju ìkòkò kan lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà kò sì yẹ kí ẹ ra rárá. Ẹni tó bá ní alchemilla máa ń ní àníjù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò ní oṣù Kẹta, kí ewé tó yọ dáadáa. Tí ẹ bá hú ìdí àgbà kan jáde, ẹ ó rí i pé abẹ́ rẹ̀ le bí igi, ó nípọn tó àtàǹpàkò, àwọ̀ ilẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sápá kan lábẹ́ ilẹ̀, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èéhù tó ká bíi ìkúùkù wà lókè. Ẹ fi ṣọ́bìrì tó mú tàbí ọ̀bẹ là á sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò àti ó kéré tán èéhù méjì. Àárín tó ti gbó tí kò ní èéhù, ẹ jù ú sọ́dọ̀ ìdọ̀tí ọgbà. Ẹ gbin ìyókù lọ́jọ́ náà, kí gbòǹgbò má gbẹ, kí ẹ sì bu omi sí i. Àwọn ọmọ tó hù sáàárín òkúta náà dára, ṣùgbọ́n ẹ dúró kí òjò rọ̀ kí ẹ tó fà wọ́n, torí gbòǹgbò wọn ń di ilẹ̀ mú gan-an, bí ilẹ̀ bá gbẹ, òkè nìkan ló máa já sí yín lọ́wọ́.